Ìlà Karùn-ún Tí Ẹ̀ṣọ́ Kò Sọ

Bantè,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ.

Sí Ẹ̀gbọ́n mi Rahimath tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ yín tí kì í sinmi. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Lyon? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ní ti ara, èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ní ti ọkàn, ó rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ru omi láti odò dé ẹnu ọ̀nà tí kò rí ẹni tó máa bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ̀wé sí yín, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní èdè yìí lọ́jọ́ Àbámẹ́tà, láàárín aṣọ tí ẹ ń rán àti ọbẹ̀ tí ẹ ń sè.

Lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ohun kan yé mi tí kò yé mi rí láti ìgbà tí mo ti dé. Mo jókòó sẹ́yìn àwọn ọmọ ilé-ìwé lábẹ́ apatámù, ìyẹn àtíbàbà ilé wa, mo ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ọmọbìnrin kan nínú wọn dìde. Karimath ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé, "Ìlà mẹ́rin péré ni ẹ̀ṣọ́ yẹn sọ nínú eré yìí. Ìlà karùn-ún tí kò sọ ni ó pa ìyá náà." Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Gbogbo àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ẹ̀ṣọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà fún yín láti ìdí, kí ẹ lè bá mi dá sí i.

Ẹ mọ̀ pé bàbá mi, Vivien, ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo. Damien ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Koko ni gbogbo wa ń pè é, torí pé ìlú Koko ló ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé títí tó fi fẹ̀yìn tì, ibẹ̀ náà ló kọ́lé sí tó sì dá oko iṣu. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ó máa ń gun alùpùpù wá sí ilé wa ní Bantè, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi yìí. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àfi pé kí wọ́n tètè dé. Ẹni tó bá pẹ́ máa dúró lẹ́yìn apatámù, yóò máa gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú oòrùn. Òun fúnra rẹ̀ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí òjò. Ó dúró sínú oòrùn, ó kọ́ wọn láti ibẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Eré kan láti ọwọ́ àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ni ó ń bá wọn kà. Ó ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, etí ìwé náà sì ti pọ́n bí ewé tábà. Olórí ìlú kan wà nínú rẹ̀, olóòótọ́ ènìyàn. Àbúrò rẹ̀ kò sí nílé nígbà tí ogun dé. Nígbà tí àbúrò padà wá, olórí búra níwájú gbogbo ìlú pé ẹnubodè kò ní ṣí fún un àfi bó bá kúnlẹ̀. Àbúrò ní òun kò kúnlẹ̀. Ìyá àwọn méjèèjì bá yọ́ jáde, ó lọ jókòó sí ìta ẹnubodè nínú òtútù, ó ní òun kò wọlé títí àwọn ọmọ òun yóò fi jọ wọlé. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló rí i. Ó mú ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, ó ní kó má sọ fún ọmọ òun, kó má baà jẹ́ pé nítorí òun ni yóò ṣe da ìbúra rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olórí bi ẹ̀ṣọ́ pé ṣé kò sí nǹkan. Ẹ̀ṣọ́ ní kò sí nǹkan. Nígbà tí wọ́n máa ṣí ẹnubodè níkẹyìn, ìyá ti kú.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwọn ọmọ nínú ìdánwò ni pé, ta ni akọni eré ìbànújẹ́ yìí? Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi jà sí i. Faïssal, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ní ìyá ni, torí òun ló kú. Karimath kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ẹni tó kú ni, a jẹ́ pé àgbò Iléyá ni akọni gbogbo ilé wa." Faïssal ní, "Ìwọ rèé tí o máa ń bú sẹ́kún bí wọ́n bá ń pa á." Karimath ní, "Mo ń sunkún, mo sì ń jẹ ẹ́. Ṣé ìyẹn wà nínú eré?" Bàbá Koko pàápàá fi ìwé bo ẹnu.

Ó wá yí padà sí pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ àwọn ọmọ fún ọgbọ̀n ọdún. Mo dà á kọ sínú ìwé kàyé mi, mo sì ń kọ ọ́ fún yín báyìí bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa fún mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́: "Ẹ má wá ẹni tó kú. Ẹ má wá ẹni burúkú. Ènìyàn rere ni, ohun tí a fi ń yìn ín náà ni yóò ṣe é ní jàǹbá. Ẹ wá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí ẹ bi í pé kí ló ń dúró dè." Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé eré ni à ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí bàbá àgbà mi kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá mi kò wá sin ín. Ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀, ẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Kò tíì gba ìwé ìgbélùú nígbà náà. Bó bá jáde kúrò ní Faransé, wọn kò ní jẹ́ kó padà, mo sì wà ní ilé-ìwé. Ó ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Bàbá Koko ní kò sí bébà tó ju bàbá lọ. Lójú ibojì, níwájú gbogbo ẹbí, ó ní òun kò tún ní gé iṣu tuntun nínú ilé yìí mọ́, títí Vivien yóò fi wá kúnlẹ̀ síbi tí bàbá wọn sùn sí. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó ní òun kò ní kúnlẹ̀ fún ẹni tó pe ìnira òun ní irọ́. Ó ti gba ìwé báyìí. Kò tíì wá. Èmi ló rán wá, ó ní kí n wá kọ́ èdè.

Ẹ̀yin ọmọ Savalou, ẹ mọ ohun tí iṣu tuntun jẹ́. Nínú ilé wa, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń gé e. Ègé àkọ́kọ́, ó di ti ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnu gbogbo ilé tó ṣí. Láti ìgbà tí Bàbá Koko ti búra, kò sí ẹni tó gé iṣu nílé. Àwọn ọ̀dọ́ dọ́gbọ́n sí i: wọ́n ń jẹ ẹ́ ní ilé ọ̀rẹ́, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́jà, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á wọlé. Bàbá Koko mọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Òun nìkan ni kò fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti bàbá mi rò. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà rò.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Koko àti bàbá mi, kò jẹ ẹ́. Ọdún kẹrin rèé tí iṣu kò kan ẹnu rẹ̀, ìyá tó fi àádọ́rin ọdún kọ ebè. Kódà èlùbọ́ tí a fi iṣu ṣe, kò gbà á. Ó ń jẹ gàrí, ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń jẹ ẹ̀wà. Ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì, kò hàn lára rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún yìí, ikùn rẹ̀ kò gba gàrí mọ́, eyín rẹ̀ kò gba ẹ̀wà. Ògì nìkan ló kù. Nọ́ọ̀sì tó wá wò ó sọ fún wa pé kò sí àìsàn kan pàtó lára rẹ̀, kí a fún un ní ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́, kó sì tètè jẹ ẹ́. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ni ọkàn yín fẹ́. Ó wo òkè ilé. Ó ní, "Iṣu sísè, kó rọ̀, kí epo wà lórí rẹ̀." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n mi ò bèèrè."

Yolande, ọmọ Bàbá Koko, ni ó ń gbé pẹ̀lú Ìyá Àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ ní ọdún méje, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ṣúgà. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún bàbá rẹ̀, ó ní Ìyá Àgbà ti mú òun búra. Mo ní, ṣé o fẹ́ máa wò ó bẹ́ẹ̀? Ó dá mi lóhùn pé, "Ìwọ tó o ti ìlú òyìnbó dé lánàá, o fẹ́ fi ẹnu rẹ tú ohun tí a ti fi ọdún mẹ́rin dì? Kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò." Ó sì gbé ìkòkò fún mi. Mo fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń sunkún lẹ́yìn ilé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, èmi àti Yolande gun alùpùpù lọ sí Savalou fún ọdún iṣu. A yà kí ìyá yín ní ìsọ̀ aṣọ wọn. Ara wọn le, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ń fi èdè Màhí bá oníbàárà kan jà, wọ́n ń fi Yorùbá kí mi, láìdúró. Wọ́n ní, "Rahimath ti ṣe é, ọmọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn." Wọ́n wá fún mi ní iṣu làbókò kan tó wúwo bí ọmọ ọwọ́, wọ́n ní kí n lọ sè é fún ìyá mi àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kò mọ ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì ni ojú ń tì mí láti kọ. Mo sè díẹ̀ nínú iṣu náà, mo lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀wà títí kò fi sí ẹni tó lè fi ojú dá a mọ̀, mo da epo sí i. Mo sọ fún Ìyá Àgbà pé ẹ̀wà ni. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ó gba ṣíbí kan sẹ́nu, ó dúró. Kò tu ú dànù, kò bínú. Ó rọra fi ìka kó o jáde, ó dì í sí etí aṣọ rẹ̀, ó so ó ní kókó. Ó ní, "Ọmọ Vivien, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ní ṣáájú ọ̀bẹ ọmọ mi." Láti ọjọ́ yẹn, kó tó gba ògì lọ́wọ́ mi, ó máa ń wo ojú mi ná. Ìwò yẹn rẹ̀ mí ju gbogbo omi tí mo ti ń pọn lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, bó ṣe so kókó aṣọ náà tán, ló gbá ọwọ́ mi mú. Èdè Ìṣà ti Bantè ni Ìyá Àgbà ń sọ, ẹ sì ti kìlọ̀ fún mi pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló bá ti yín mu. Oṣù méjì ni Yolande ti fi ń dúró láàárín wa bí afárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn Yolande kò sí nílé, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí Damien má gbọ́. Ó ní bí Damien bá gbọ́, yóò gé iṣu náà nítorí òun, gbogbo Koko yóò sì máa wí pé ọ̀rọ̀ Damien ti di ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó ní kí bàbá mi náà má gbọ́, torí pé ìkúnlẹ̀ tí a fi ikú ìyá fà kì í ṣe ìkúnlẹ̀. Ó ní, ṣé mo gbọ́? Inú mi ń dùn, ẹ̀gbọ́n mi. Inú mi ń dùn pé mo gbọ́ èdè. Mo dáhùn kíákíá bí akẹ́kọ̀ọ́ tó na ọwọ́ sókè: mo gbọ́, mo ṣèlérí. Kí n tó mọ ìwúwo ohun tí mo gbà, mo ti gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Bàbá Koko dé pẹ̀lú iṣu mẹ́ta tó fi rọ́bà dì sẹ́yìn alùpùpù. Bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Kì í gé e, kì í gbé e wọlé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń tò ó sí. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ, èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ń jẹ iṣu lẹ́yìn mi. Ìyá mi náà ń jẹ ẹ́. Mi ò bínú. Èmi ni mo búra, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ máa sè é fún un dáadáa." Ó gun alùpùpù lọ. Ìyá Àgbà ní kí Yolande kó iṣu náà fún àwọn aládùúgbò, bó ṣe ti ń ṣe láti ọdún mẹ́rin. Mo dúró lójú ọ̀nà títí eruku fi wálẹ̀. Ọmọ ń gbé oúnjẹ wá, ebi ń pa ìyá, àwọn ará àdúgbò ń yó, ẹnikẹ́ni kò sì parọ́, àfi èmi tí mo lọ iṣu mọ́ ẹ̀wà.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ sọ fún un, ẹnu mi kò ṣí. Mo kàn ní, "Bàbá, Ìyá Àgbà rù." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́? Ṣé ó tíì sọ nǹkan kan?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ó dáa. Máa fún un ní ẹran díẹ̀díẹ̀." Mo gbọ́ bó ṣe mí kí ó tó pa fóònù. Bàbá Koko náà máa ń mí bẹ́ẹ̀ bó bá ń bọ́ bàtà rẹ̀. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n, òótọ́ ni.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni mo padà dé yìí. Lánàá ni ẹ̀kọ́ lórí eré náà máa parí, Bàbá Koko sì ní kí olúkúlùkù dárúkọ akọni tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn pe olórí ìlú, bí ó ti kọ́ wọn. Ó kan Karimath, ó ní ẹ̀ṣọ́ ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Koko ní, "Ẹ̀ṣọ́ tí kò tilẹ̀ ní orúkọ? Ìlà mẹ́rin péré ló sọ." Ibẹ̀ ni Karimath ti sọ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yẹn. Ó tún fi kún un pé, "Ẹ ní kí á wá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Olórí kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà níta. Bí kò bá mọ̀, kọ́kọ́rọ́ wo ló mú lọ́wọ́?" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá Koko bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Ó ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ eré yìí. Kò sí ẹni tó mú ẹ̀ṣọ́ rí." Kò sọ pé Karimath gbà á, kò sọ pé kò gbà á. Ó fún un ní ṣọ́ọ̀kì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ mú eré yìí lọ́dún yìí ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rí ilé ara rẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí pé ẹni tó bá ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní nǹkan fún ọgbọ̀n ọdún máa ń rò pé ti àwọn ẹlòmíràn ni. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ohun tó máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ ló tún bi mí: "Ṣé ìyá mi jẹun?" Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn: "Wọ́n jẹun, Bàbá." Mo ka ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn tó lọ. Mo ti kí i, mo ti ní kó fún mi ní báàgì rẹ̀, mo ti ní omi rèé, mo ti ní wọ́n jẹun. Ìlà mẹ́rin.

Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá sọ fún Bàbá Koko, yóò gé iṣu lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dá mi lójú. Ẹni tó fi ara rẹ̀ sínú oòrùn nítorí pé ó pẹ́, kò ní jẹ́ kí ebi pa ìyá rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ òun ti ń pa ìyá òun, lójú òun, tí òun ń gbé iṣu kọjá níwájú rẹ̀. Mi ò mọ̀ bí àgbàlagbà kan ṣe ń ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà yóò sì wò mí, yóò ní mo ta òun. Bóyá kò tilẹ̀ ní jẹ ẹ́. Bí mo bá sì dákẹ́, mo pa ìlérí mọ́, mo jẹ́ ọmọ gidi, ọmọ tó gbọ́ èdè, gbogbo ilé yóò yìn mí lọ́jọ́ ìsìnkú. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù nìyẹn: pé wọ́n á yìn mí.

Mo ti rìn wá láti ọ̀nà jíjìn kí n lè ní ẹnu nínú ilé yìí. Ẹnu náà dé tán, wọ́n ní kí n pa á dé. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé ọmọ tó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Ẹ kò tíì kọ́ mi ní ìgbà tí kò yẹ. Bóyá ẹ̀kọ́ yẹn ló kù tí mo fi padà wá sí ọ̀dọ̀ yín báyìí. Ẹ má ṣe fi àánú bá mi sọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe máa sọ fún àbúrò yín gan-an.

Kí Ọlọ́run tí ẹ ń kírun sí àti èyí tí à ń kọrin sí ní ṣọ́ọ̀ṣì Bantè, tí í ṣe ọ̀kan náà, fún yín ní orúnkún tí kò ní ro yín. Kí abẹ́rẹ́ má gún yín lọ́wọ́. Kí àwọn ọmọ yín má fi ìyá wọn sáàárín ìjà. Kí ilé yín máa rí jẹ, kí ẹ sì máa jọ jẹ ẹ́.

Èmi ni àbúrò yín àti akẹ́kọ̀ọ́ yín ọjọ́ Àbámẹ́tà,

Olga, ọmọ Vivien.

Àfikún: Mo máa ya àwòrán lẹ́tà yìí kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, torí pé àyè kò sí láti dúró de ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èsì yín, ẹ má fi ohùn sọ ọ́, ilé yìí ní etí. Bí mo ṣe ń kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ni fóònù dún. Bàbá Koko ni. Ohun tó bi mí, Yolande ní kò bèèrè irú rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin. Kò bi mí pé ṣé ìyá òun jẹun. Ó ní, "Ọmọ, iṣu tí mo ń gbé wá yẹn, ṣé o ti fi ojú ara rẹ rí i kí ìyá mi jẹ ẹ́?" Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo pa fóònù. Ní ọ̀túnla, ọjọ́ Ẹtì, yóò dúró níwájú mi, kò ní sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo máa dá lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi Rahimath, kí ni kí n dá a lóhùn?